Rọ́bà Tí Mo Rí Lára Ayùn Rẹ ní Savalou

Bantè, ọjọ́ Àìkú

Àṣíátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá ẹ pẹ̀lú ìka ọwọ́ rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo mọ̀ pé a kì í kí èèyàn báyìí, ṣùgbọ́n òun ni àdúrà tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu, mi ò sì ní pa á rẹ́. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara ìyá rẹ le.

Mo mọ̀ pé inú rẹ kò dùn sí mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo wá sí Savalou láìsọ fún ẹ. Mo fẹ́ rí àtẹlíyé tuntun tí o ṣí, níbi tí o ti ń kan àga àti ilẹ̀kùn ní orúkọ ara rẹ, mo sì fẹ́ wo ayùn oníná tí o kọ̀wé sí mi nípa rẹ̀, irú èyí tí orí rẹ̀ ń sún síwá sẹ́yìn lórí irin méjì. O ní ẹni tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù ní méjì, ńlá kan àti kékeré kan, ó sì jẹ́ kí o gbé ńlá lọ sílé dán wò. O ní kí n gbà ẹ́ nímọ̀ràn lórí èyí tí o máa mú. Mo wá lóòótọ́. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ, mo wò ẹ́ títí o fi gé igi kan tán, mo sì yíjú padà láìkí ẹ.

O pariwo tẹ̀ lé mi pé, "Bàbá! Ẹ kú àbọ̀! Níbo lẹ tún ń lọ?"

Mi ò dúró. O sáré bá mi dé etí títì, ìyẹ̀fun igi kún orí rẹ.

"Ṣé torí mo jẹ́ obìnrin ni, Bàbá? Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni?"

Mo gun zẹ́mi, alùpùpù akérò àkọ́kọ́ tó dúró. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, o ń fi etí aṣọ nu ojú.

Kì í ṣe torí pé o jẹ́ obìnrin. Ta ló kọ́ ẹ ní iṣẹ́ igi bí kò ṣe èmi? Àyà mi ló já, ọmọ mi, àyà mi já tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn mi fi pòórá. Mo rí ìbòrí ayùn náà, ìyẹn èyí tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ bo eyín rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí o bá ti gbé orí rẹ̀ sókè. Rọ́bà dúdú kan ni o fi so ó mọ́ òkè, rọ́bà tí a gé lára táyà inú kẹ̀kẹ́, o wé e lẹ́ẹ̀mejì, o ta á ní kókó nísàlẹ̀. Eyín ayùn wà ní ìhòòhò. Ọwọ́ òsì rẹ tẹ igi mọ́lẹ̀, kò jìnnà sí eyín náà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, o sì ń fa gbogbo rẹ̀ bọ̀ wá sí àyà rẹ bó ṣe ń gé. Mo fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá kígbe o máa yíjú wò mí. Mo dákẹ́ títí ayùn fi dúró. Nígbà tó dúró, mo yíjú padà.

Ní Ọjọ́rú mo rán awakọ̀ sí ẹ pé kí o má fọwọ́ kan ayùn náà títí ìwé mi fi máa dé. Ó ní o dáhùn pé "Ó dáa" láìwo ojú òun. O ṣeun tí o gbọ́. Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Mo mọ rọ́bà yẹn. Kí ìyá rẹ tó bí ẹ, èmi náà ti fi ọwọ́ ara mi so irú rẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, ìyá rẹ pàápàá, àfi lọ́sẹ̀ yìí.

O mọ Láwànì, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Lougba, ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tán ní ọrùn ọwọ́. Láti kékeré ni o ti ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń pa iṣẹ́ mi tì lọ́dọọdún, tí mo ń gbé ọkọ́ lọ sí Lougba lọ kọ ebè iṣu fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí wa. Mo máa ń sọ pé ọ̀rẹ́ mi ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Èmi àti Láwànì la jọ lọ sí Kutọnu nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́. Yàrá kan náà la ń sùn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá káfíńtà kan náà la ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa gbé ayùn oníná kan dé. Apá irin rẹ̀ nà sórí tábìlì láti òkè, èèyàn á sì fa ayùn náà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ la igi kọjá. A ò rí irú rẹ̀ rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ èmi ni mo mọ̀ ọ́n lò jù, mo sì fẹ́ràn kí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà máa dúró wò mí. Ìbòrí rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Kì í jẹ́ kí n rí ìlà tí mo fi lẹ́ẹ̀dì fà, ó sì ń fà mí sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gé rọ́bà, mo so ìbòrí náà sókè. Iṣẹ́ yá. Ọ̀gá kọjá, ó rí òkìtì igi tí mo ti gé, ó lù mí lẹ́yìn pé mo káre. Bóyá kò wo òkè, bóyá ó wò ó tí kò sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo lọ ṣe àlùwàlá láti kírun. Mi ò tú rọ́bà náà. Láwànì bọ́ sídìí ayùn láti gé igi kan ṣoṣo tó kù fún fèrèsé tirẹ̀. Kò lò ó láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ohun tó mọ̀ ni pé ìbòrí máa ń sọ̀ kalẹ̀. Igi náà ní kókó nínú. Eyín ayùn há mọ́ kókó, ayùn sì gun orí igi, ó fò wá bá ọwọ́ ọ̀tún tó fi tẹ igi mọ́lẹ̀. Èmi wà lẹ́yìnkùlé, kẹ́tù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ igbe. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró ẹ̀rọ tó yí ohùn padà, lẹ́yìn náà gbogbo àwọn èèyàn dákẹ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀gá dé, ó tẹjú mọ́ ayùn.

Ó ní, "Ta ló so nǹkan yìí?"

Èèyàn mẹ́ta la dúró níwájú rẹ̀. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo wo ilẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Láwànì fúnra rẹ̀ ló so ó nìyẹn. Àìgbọ́ràn ló fà á."

Mo tún wolẹ̀. Àṣíátù, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ọ̀nà, mo sì lè sọ fún ẹ pé rọ́bà tí mo so kọ́ ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Ìwòlẹ̀ mi kejì yẹn ni. Nígbà tí ọgbẹ́ Láwànì jinná, ọ̀gá ní kó máa lọ sílé. Ó padà sí Lougba. Kí ọdún tó parí èmi náà padà wá sí Bantè, mo ṣí àtẹlíyé tèmi, mo sì búra pé ẹ̀rọ oníná kankan kò ní wọ ibẹ̀. O rántí bí àwọn oníbàárà ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tí mo máa ń sọ fún ẹ pé iná mànàmáná ń ba ojú igi jẹ́. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo kọ́ ẹ ní ayùn ọwọ́, mo kọ́ ẹ bí a ṣe ń fá igi títí ojú rẹ̀ á fi jọ gíláàsì, ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ẹ ní ohun tó léwu jù, torí pé bí mo bá kọ́ ẹ, wàá bi mí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe lọ kọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Bí ó bá jẹ́ òun ló ní kí o so ìbòrí sókè kí o lè ríran, kì í ṣe òun ni mo fẹ́ bá wí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo wọ takisí láti Savalou, ṣùgbọ́n mi ò yà sílé. Mo gun zẹ́mi lọ sí Lougba. Láwànì jókòó níwájú ilé, ìyàwó rẹ̀ ń yin àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ràímì! Àkókò ebè kò tíì tó o."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó bi mí bóyá èèyàn kú. Mo ní rárá.

"Láwànì, èmi ni mo so rọ́bà náà."

"Rọ́bà wo?"

"Ti Kutọnu."

Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dúró nínú àgbàdo. Láwànì ń wò mí bí ẹni tó ń gbọ́ èdè tí kò yé e.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo sọ ọ́.

Ó ní, "Ọ̀gá wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní èmi ni mo so ó. Mo ní èmi kọ́. Ó ní òun béèrè lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan míì. Ràímì, ìwọ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Mo rò ó títí. Mo ní bí ìwọ bá wà níbẹ̀, tí o kò sì gbèjà mi, á jẹ́ pé èmi ni mo so ó tí mo gbàgbé. Mo wí fún àwọn ọmọ mi pé àìgbọ́ràn ló gé ọwọ́ mi. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣe àìgbọ́ràn, mo máa ń na apá yìí sí wọn pé kí wọ́n wò ó." Ó na apá náà sí mi. "Mo rántí bí mo ṣe so ó, Ràímì! Mo rántí bí mo ṣe ta kókó rẹ̀! Mo ti ń rántí ohun tí mi ò ṣe!"

Mo ti rò pé mo mọ gbogbo ohun tí mo gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Mi ò mọ èyí.

Ìyàwó rẹ̀ kò gbé ojú sókè. Ó kàn ní, "Bàbá Àṣíátù, ẹ sì ń bá wa jẹun."

Láwànì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó síbẹ̀ títí àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́ fi dé. Nígbà tó jáde, ó dúró lókè orí mi.

"Má wá kọ ebè fún mi mọ́. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o kọ ọ́ sínú ìwé. Má kọ ọ́ ní Faransé. Kọ ọ́ ní èdè tí gbogbo ilé yìí gbọ́. Kí ni o sì wá sọ ọ́ lónìí fún?"

Mo sọ ohun tí mo rí lọ́dọ̀ rẹ fún un. Ó pa ojú dé.

"Àṣíátù kékeré yẹn? Kọ ọ́ sí i. Kọ gbogbo rẹ̀ sí i, kí o sì kọ bó ṣe máa lo ẹ̀rọ náà. Má sọ fún un pé kó má lò ó. Ìwọ ti ṣe ìyẹn, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Torí náà mò ń kọ ọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan níbí tó ní irú ayùn rẹ, mo ní kó fi gbogbo ara rẹ̀ hàn mí. Ẹnu yà á débi pé ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ohun tí mo rí, àti ohun tí mo ti mọ̀ tí mo fi pa mọ́, nìwọ̀nyí.

Èkínní, dìde báyìí, kí o tó ka ìlà tó kàn. Yọ okùn iná, mú ọ̀bẹ, gé rọ́bà náà dànù. Lẹ́yìn náà gbé orí ayùn sókè, tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tún gbé e sókè. Ìbòrí gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀, kíá, láìjẹ́ pé o fọwọ́ tì í. Bí ó bá lọ́ra, tàbí tó dúró ní ìdajì ọ̀nà, dá a padà fún ẹni tó ni ín, bó ti wù kó dára tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe yẹ kékeré wò. Bí o kò bá rí ìlà rẹ dáadáa, sún tábìlì sí ìdí fèrèsé. Má gbé ìbòrí kúrò.

Èkejì, irin méjì tí orí rẹ̀ ń sún lé. Fà á wá dé òpin, di ọwọ́ rẹ̀ mú, mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ, kò ní gé tààrà, ó sì lè há. Fi ìka ra irin náà láti orí dé ìdí. Àwọn ẹ̀rọ tó gba orí òkun wá máa ń dógùn-ún níbi tí ojú kò dé.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Ti Kutọnu, ńṣe la ń fà á wá bó ṣe ń gé. Bí o ṣe ń ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí mo dé. Irú tìrẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi fi hàn mí, ó sì ya èmi náà lẹ́nu: fà á wá sọ́dọ̀ rẹ kí eyín rẹ̀ tó kan igi, tẹ̀ ẹ́ kalẹ̀, kí o wá máa tì í lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kó máa jìnnà sí ẹ bó ṣe ń gé. Nígbà náà, bí ó bá fẹ́ fò, agbára tí o fi ń tì í lọ á dá a dúró. Bí o bá ń fà á wá, ó máa ń gun igi bí ẹni gun àkàbà, ìwọ ló sì ń bọ̀ wá bá. Jẹ́ kó yí dáadáa kí o tó kàn án mọ́ igi. Bí o bá gé tán, jẹ́ kó dúró pátápátá kí o tó gbé e sókè.

Lórí èyí tí o máa mú nínú méjèèjì: wọn pákó tó fẹ̀ jù tí o máa ń gé. Ìrókò ilẹ̀kùn àti tíìkì tó ń wá láti agbègbè wa kì í sábà fẹ̀ púpọ̀. Bí kékeré bá gé e já, mú kékeré. Orí rẹ̀ fúyẹ́, kò ní rẹ apá rẹ, kò sì ní mu iná tó pọ̀, torí mo mọ bí iná Savalou ṣe máa ń rọ̀. Ní Kutọnu, títóbi ẹ̀rọ ló wọ̀ mí lójú. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi nídìí rẹ̀.

Wo abẹ rẹ̀ náà, irin róbótó tó ní eyín. Èyí tí eyín rẹ̀ tẹ̀ síwájú gan-an máa ń já igi gbà mọ́ra, kò dára fún irú ayùn tó ń sún. Wá èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀, tó dúró ṣánṣán tàbí tó fà sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n eré tó lè sá sí ara abẹ, kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti ẹ̀rọ. Má fi la pákó ní òró láé, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó tọ́, gé pákó kan tó fẹ̀, yí ìdajì kan dojú bolẹ̀, kí o sì tún tì wọ́n pọ̀ lórí ibi tó tẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn kọjá, kò tọ́. Béèrè bóyá ó ṣe é tún ṣe kí o tó gbà á.

Ọwọ́ rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Fi irin ìfúngi de igi mọ́lẹ̀. Bí igi bá kúrú débi pé ọwọ́ rẹ ní láti sún mọ́ abẹ, o ní ayùn ọwọ́ tí mo fún ẹ, lò ó. Má wọ aṣọ tó ní apá gbọọrọ. Da aṣọ bo imú, eruku ìrókò kò dára fún àyà.

Àti ẹni tó bá máa lò ó lẹ́yìn rẹ. Kí o tó kúrò nídìí rẹ̀, kódà bó jẹ́ omi lo fẹ́ mu, yọ iná rẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀ bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ bá a. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ láti ọwọ́ rẹ nínú àtẹlíyé yẹn, sọ ọ́ kí ẹni tó béèrè tó pa ẹnu dé. Sọ ọ́ kódà bí ohùn rẹ bá ń gbọ̀n. Ó máa ń rọrùn ní ìṣẹ́jú yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, kì í rọrùn mọ́.

Ní ìjẹta, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo mú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ lọ sí Lougba kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹ. Láwànì kó gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ jọ síwájú ilé, àwọn tó ti níyàwó pàápàá. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló kà á. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀gá ti béèrè ẹni tó so rọ́bà, Láwànì ní, "Tún ibẹ̀ kà." Ó tún un kà. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin bú sẹ́kún, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ má bínú," bí ẹni pé òun ló ṣe é. Láwànì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kan orí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ kan náà, ó gba ìwé, ó ká a, ó fi sínú àpò àyà rẹ̀.

Mo ní, "Láwànì, ti Àṣíátù ni."

Ó ní, "Lọ kọ òmíràn fún un. Èyí ń gbé ibí."

Kò ní kí n jókòó, kò sì ní kí n máa lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí àwọn ọmọ fi túká, lẹ́yìn náà mo wá sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.

Èmi ni, bàbá tó bí ẹ,
Ràímì